Ìwé Ìtàn Tuntun fún Ọmọdé àti Ọ̀dọ́: Èwo Ni Kí Òbí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Fowó Rà?

Tí táàmù tuntun bá wọlé ní oṣù September, lísìtì tí ilé-ìwé kọ fún ọmọ ló máa ń gbé gbogbo owó ìwé lọ. Ìwé Ìṣirò, ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìwé iṣẹ́ ṣíṣe tí ọmọ á kọ nǹkan sínú rẹ̀, tí àbúrò ò sì ní lè lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ìwé ìtàn bá wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí ìyá tàbí bàbá ọmọ náà kà nígbà tí òun náà wà ní kíláàsì yẹn. Ìwé àtijọ́ dára, kò sẹ́ni tó ń bú u. Àmọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọmọ wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ti gbé ìwé ọmọdé jáde tó jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìpẹru tàbí Àgọ́-Ìwòyè á ṣí i, á sì bá ọjà, ìyá àgbà àti irun orí ara rẹ̀ pàdé nínú rẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í sábà dé orí káńtà níbí. Wọn ò sí nínú lísìtì, ẹni tó ń tàwé ò sì ní lọ kó ohun tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè wá láti Èkó.

Ìwé tí ọmọ máa kà parí ló tó owó tí ẹ san. Kì í ṣe èyí tó nípọn jù, kì í ṣe èyí tó gba àmì ẹ̀yẹ jù. Orí ìyẹn ni ìfiwéra yìí dúró lé. Mo fi àwọn tí òkìkí wọn ti kàn dé ibi gbogbo sílẹ̀, torí wọn ò nílò ẹni tó máa polówó wọn mọ́.

Ohun tí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n kí ẹ tó sanwó

Agbára ọmọ ló ṣáájú. Ẹ má gbára lé ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ méjì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kì í kàwé bákan náà. Ẹ ṣí ìwé náà sí àárín, kì í ṣe sí ojú ewé àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń rọrùn jù. Kí ọmọ kà á sókè. Gbogbo ìgbà tó bá kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀, kó ká ìka kan. Orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú ò sí lára ohun tó máa ká ìka fún. Bí ìka tó ká kò bá ju ẹyọ kan lọ, ìwé náà rọrùn fún un, ó sì dáa fún ìgbádùn. Méjì tàbí mẹ́ta ló dára jù. Bí ìka márààrún bá ká tán kí ojú ewé náà tó parí, ẹ̀yin ni kí ẹ kà á fún un, tàbí kí ẹ fi í pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé alàwòrán tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ lójú ewé kan ni òfin yìí ò bá mu: níbẹ̀, ìka méjì ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó. Ẹ yí ìwé náà sẹ́yìn, kí ẹ wo ISBN, nọ́ńbà oníye mẹ́tàlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì onílà tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978 jẹ́ ti Nàìjíríà. 978-0 àti 978-1 jẹ́ ti àwọn ilẹ̀ tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀wé, irú bí ìlú ọba àti Amẹ́ríkà. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá pọ́n-ùn àti dọ́là ló ń darí iye tí wọ́n pè fún yín. Ìwé tó wá láti òkè òkun sábà máa ń wọ́n ju èyí tí wọ́n tẹ̀ nílé lọ, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ páálí líle tún wọ́n ju ẹlẹ́yìn rírọ̀ lọ. Ẹ bèèrè ẹlẹ́yìn rírọ̀. Kí ẹ sì pín owó náà sí iye ọmọ tó máa kà á: ìwé tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò méjì máa kà tẹ̀ léra kò wọ́n tó bó ṣe rí lójú.

Ara ìwé náà ńkọ́? Ayédèrú pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń kiri ní ìdíkọ̀ àti létí títì. Wọ́n á ya fọ́tò ojú ewé ìwé gidi, wọ́n á tún un tẹ̀, lẹ́tà á ṣá, ìlà á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwòrán á dúdú débi pé ojú èèyàn inú rẹ̀ ò ní hàn. Ẹ ṣí i láàárín kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ bá dún kàkà, ewé á ti máa já kí ọyẹ́ tó lọ. Ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ ni ilé ìtẹ̀wé máa ń tẹ ìwé, ojú ewé 16 tàbí 32 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó tò wọ́n pọ̀. Nítorí náà tí nǹkan bá sọnù, odindi ìdìpọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, tàbí kí ìdìpọ̀ kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yẹ 16 sí 17 wò, 32 sí 33, 48 sí 49, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìparí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó tó di pé ọmọ máa sunkún torí ìtàn fò láàárín.

Ohun tó kù ni èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà, àti ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí àgbà jókòó ti ọmọ kí wọ́n jọ sọ: ikú, ẹ̀jẹ̀, òrìṣà. Èmi ò sọ pé kí ẹ sá fún un. Kí ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kó tó bá yín lójijì ni.

Too Small Tola, ti Atinuke (2020)

Bí ọmọ yín bá ti lè ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, àmọ́ tí ìwé tó nípọn ṣì ń dẹ́rù bà á, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Atinuke, Wales ló ń gbé, iṣẹ́ ìtàn sísọ lójú èrò ló sì fi mọ iṣẹ́ ìwé kíkọ. Ó hàn nínú gbólóhùn rẹ̀: wọ́n kúrú, wọ́n ń padà wá bí ègbè àlọ́, ẹnu ọmọ sì máa ń gbà wọ́n kíákíá. Onyinye Iwu ló ya àwòrán inú rẹ̀.

Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú ìwé kan yìí, ìtàn kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Ìyẹn ló jẹ́ kó bá ọmọ tí kì í lè jókòó pẹ́ mu: á parí ìtàn kan lálẹ́ kan, orí rẹ̀ á sì wú pé òun kà á tán. Tola ń gbé nínú fúláàtì kan ní Èkó pẹ̀lú ìyá àgbà tó ń jẹ́ Grandmommy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Moji tó mọ̀wé gan-an, àti Dapo tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òun ló kéré jù, gbogbo ènìyàn ló sì ń rán an létí. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ òun àti ìyá àgbà lọ sọ́jà. Ọmọ tí wọ́n ní ó kéré jù yìí ló ru ẹrù délé, tó sì ń ka ṣéńjì. Nínú èkejì omi ẹ̀rọ dáwọ́ dúró, wọ́n ní láti lọ pọn ọ́n. Nínú ẹ̀kẹta jàǹbá ṣe Mr Abdul tó ń ránṣọ, kò sì sí ẹni tó máa lọ wọn àwọn oníbàárà rẹ̀. Tola ló lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ò nílò àlàyé lórí ìtàn kẹta yẹn. Ó ti rí i bí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ṣe máa ń kún tí Iléyá bá kù díẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé ń dú aṣọ Ojúde Ọba. Bí ọmọ bá kà á tán, ẹ fún un ní téèpù aránṣọ. Kó wọn èjìká, apá àti gígùn gbogbo ará ilé, kó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti ka ìwé, ó ti kọ̀wé, ó ti ṣe ìṣirò, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ilé ni.

Àléébù rẹ̀: òkè òkun ló ti wá, nítorí náà iye rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Orúkọ Yorùbá inú rẹ̀ ò sì ní àmì ohùn, àmọ́ ọmọ wa á pè é bó ṣe yẹ láìsí ìyọnu. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, lára wọn ni Too Small Tola and the Three Fine Girls (2021) àti Too Small Tola Gets Tough (2022), tí ìtàn rẹ̀ bọ́ sí àsìkò kónílé-ó-gbélé Kòrónà. Kò dìgbà tí ẹ bá kó gbogbo wọn. Ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ọmọ á bèèrè èkejì.

Fún àbúrò tí kò tíì mọ̀wé kà, òǹkọ̀wé yìí kan náà ló kọ Baby Goes to Market (2017), àwòrán láti ọwọ́ Angela Brooksbank. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n orí ìyá rẹ̀. Ọsàn márùn-ún, ó jẹ ọ̀kan, ó fi mẹ́rin síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ sílẹ̀ dé orí àgbọn, ìyá ò sì mọ nǹkan kan. Ẹ kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ ka iye náà ní Yorùbá. Tí ẹ bá tún dé Òkè-Ajé lọ́jọ́ ọjà, ọmọ á máa ka ọsàn orí àtẹ fún yín.

Ìwé Yorùbá ọ̀fẹ́ tí ẹ lè tẹ̀ fúnra yín

Èyí ni mo rò pé àwọn òbí ń fojú fò jù lọ. African Storybook, tí àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2014, àti StoryWeaver, tí Pratham Books ní Íńdíà gbé kalẹ̀ ní 2015, jẹ́ ibi ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìtàn ọmọdé wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ èdè, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ẹ lè gbà wọ́n sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ wọ́n, kí ẹ pín wọn láìsan kọ́bọ̀, bí ẹ bá ṣáà ti fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má tà wọ́n láì ka ìwé àṣẹ tó wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan, torí àwọn kan ò gba títà. Wọ́n pín ìtàn sí ìpele: StoryWeaver lo 1 sí 4, ti African Storybook bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sí gbólóhùn, ó wá dé ìpínrọ̀ gígùn.

Ẹ kọ́kọ́ wo àmì ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń túmọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì kọ Yorùbá láìfi àmì kankan sí i. Ìyẹn máa ń dá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìlà kan. Bí ìtàn náà bá dùn tí àmì rẹ̀ ò sì pé, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fún ìyá àgbà ní pẹ́ńsùlù. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àgbà wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló jàǹfààní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀wé kà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà ju àwọn ọmọ ọmọ wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí òun àti ọmọ jọ fi àmì sí i.

Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nìyí. Bébà A4 kan tí ẹ ṣẹ́ sí méjì á fún yín ní ojú ewé mẹ́rin, nítorí náà ìwé ojú ewé 16 gba bébà mẹ́rin péré. Iye ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 14, méjì á ṣófo lẹ́yìn. Ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì, ẹ ní kí wọ́n yan "booklet" nínú ètò ìtẹ̀wé, kí wọ́n sì yan "flip on short edge" fún ẹ̀yìn bébà. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ sórí "long edge", gbogbo ẹ̀yìn ló máa dorí kodò, ẹ ó sì ti san owó rẹ̀. Kí wọ́n tẹ bébà kan ṣoṣo wò ná. Àwòrán tó ní àwọ̀ dúdú púpọ̀ máa ń di àbàwọ́n tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìlo àwọ̀. Ẹ yan ìtàn tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìlà tàbí àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Sìtépílà lásán kì í dé àárín bébà tí ẹ ṣẹ́, ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí etí. Abẹ́rẹ́ àti òwú dára jù ú lọ. Ẹ lu ihò mẹ́ta sójú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí ara wọn. Ẹ ki abẹ́rẹ́ láti inú gba ihò àárín bọ́ síta, ẹ gba òkè wọlé, ẹ fo àárín kọjá gba ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ tún gba àárín wọlé. Ẹ so ẹnu òwú méjèèjì pọ̀ sórí òwú gígùn tó wà nínú kó má baà yọ́. Bí ẹ bá fi káàdì bọ́ọ̀dù ṣe èèpo rẹ̀, ìwé yẹn á pẹ́ ju ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ rà lọ.

Ẹ lè fi fóònù kà á, owó rẹ̀ á tilẹ̀ kéré sí i. Àmọ́ ojú fóònù kékeré fún àwòrán, ìpè á wọlé, géèmù á pe ọmọ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Boom Boom, ti Jude Idada (2019)

Ìwé yìí gba Nigeria Prize for Literature ní 2019, ẹ̀bùn 100,000 dọ́là tí NLNG ń fún ni, síbẹ̀ ẹ lè yí ìlú ká kí ẹ má bá ẹnìkan tó kà á. Àrùn sickle cell ni kókó rẹ̀, bó ṣe rí nínú ilé, lójú ọmọ. Bí ìyá àti bàbá bá jẹ́ AS, ó ṣeé ṣe, lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà. Kò sí àdúgbò kan níbí tí kò mọ ilé tó ń bá a yí. Ohun tí àwọn ọmọ yòókù nínú ilé náà kì í sì rí ni ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn ní ìwọ̀n ọjọ́ orí wọn: ìdí tí ẹ̀gbọ́n fi ń sunkún lóru, ìdí tí wọ́n fi ń sáré lọ sílé ìwòsàn, ìdí tí owó fi ń tán.

Mo fi í sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá, pẹ̀lú májẹ̀mú kan: kí òbí kọ́kọ́ kà á tán. Ìwé náà wúwo, kò fi ìrora pamọ́. Ọmọ tó ní àrùn náà fúnra rẹ̀ lè rí ìtùnú níbẹ̀, ó sì lè fòyà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Nàìjíríà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìyẹn mú kó fúyẹ́ lápò ju àwọn tó wá láti òkè òkun lọ, àmọ́ ẹ máa ní láti pàṣẹ rẹ̀ láti Èkó.

Ọgbọ́n kan wà níbí fún olùkọ́ tó ń wá ìwé tuntun fún láíbìrì. Ẹ̀bùn yìí máa ń yí po láàárín oríṣi ìwé mẹ́rin, tó bá sì kan ìwé ọmọdé, ẹ wá orúkọ àwọn mẹ́ta tó kù sí ìparí, ẹ má wá ẹni tó gbégbá orókè nìkan. Ní 2024, Olubunmi Familoni ló gbà á pẹ̀lú The Road Does Not End, àmọ́ Wish Maker ti Uchechukwu Peter Umezurike àti A Father's Pride ti Ndidi Chiazor-Enenmor wà lára mẹ́ta yẹn. Ní 2015, àwọn adájọ́ ò tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ṣeré.

Children of the Quicksands àbí Onyeka?

Méjèèjì wà fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá, ọmọbìnrin ló ṣáájú nínú méjèèjì, agbára àràmàǹdà sì wà nínú méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bá mu yàtọ̀ síra.

Efua Traoré ló kọ Children of the Quicksands (2021). Simi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó dàgbà sí Èkó, lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní abúlé Ajao, níbi tí kò ti sí fóònù, iná tàbí omi ẹ̀rọ. Ìyá àgbà ń fún àwọn ará abúlé ní àgúnmu àti ìmọ̀ràn, àmọ́ tó bá dórí ọ̀rọ̀ ẹbí, ẹnu rẹ̀ di. Simi lọ sí ibi iyanrìn pupa tí wọ́n ní kó má dé, iyanrìn náà gbé e mì, ó já sí ayé mìíràn. Òye àwọn ọmọ wa ò ní jìnnà sí i: ọmọ Èkó tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Òde-Rẹ́mọ fún họlidé mọ ojú tí Simi fi wo Ajao lọ́jọ́ kìíní.

Ọ̀ṣun wà nínú ìtàn yìí, inú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an sì ni odò Ọ̀ṣun gbà kó tó dé ọ̀sà. Àwọn òbí kan, Mùsùlùmí àti Kristẹni, á ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ẹ tó pinnu. Ìtàn ìdílé àti àṣírí ló jẹ́, kì í ṣe ìwé ẹ̀sìn, ọmọ tó ń gbé ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Agẹmọ lọ́dọọdún sì ti ní ìbéèrè tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sàn kó bi yín. Bí ọkàn yín ò bá sì lélẹ̀, ẹ mú Onyeka dípò rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Onyeka and the Academy of the Sun (2022) jẹ́ ti Tọlá Okogwu. Irun Onyeka pọ̀ débi pé àwọn èèyàn ń dúró wò ó ní òpópónà, ojú sì ń tì í. Lọ́jọ́ kan Cheyenne ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ rì sómi, irun náà fúnra rẹ̀ nà, ó fà á jáde. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ sọ òótọ́: ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ní agbára tí Nàìjíríà nìkan ní, ó sì mú un wá sí ilé-ìwé wọn níbí. Ó yára, ìjà àti ìdíje pọ̀ nínú rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń wo kàtúùnù á kà á láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi irun ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì á rí nǹkan gbé dání nínú rẹ̀.

Owó ni ìyàtọ̀ ńlá. Children of the Quicksands parí sínú ara rẹ̀. Onyeka jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ ìwé, Onyeka and the Rise of the Rebels tẹ̀ lé e ní 2023, ọmọ tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á sì fẹ́ mọ bó ṣe parí. Ẹ ṣírò ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìbátan méjì tàbí mẹ́ta bá jọ máa ra ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀wọ́ ìwé ò ní jẹ́ ẹrù.

Fún àwọn ọ̀dọ́

Ní kúkúrú: Ikenga ti Nnedi Okorafor (2020) bá ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá mu. Bàbá Nnamdi jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, wọ́n pa á, ọmọ náà sì rí agbára gbà tó lè fi gbẹ̀san. Ohun tó yẹ kí ẹ jọ sọ ni ìbínú, àti ohun tó ń ṣe fún ẹni tó gbé e. Skin of the Sea ti Natasha Bowen (2021) wà fún ọdún mẹ́rìnlá sókè. Simidele ń gba ẹ̀mí àwọn tó kú sójú òkun lábẹ́ àṣẹ Yemọja, òwò ẹrú ló sì kún abẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gba sùúrù. Ẹni tó ń ka Literature fún WAEC á jèrè lára rẹ̀. Ẹni tí kò tíì ka ìwé kan parí rí ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ìwé ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ilé ìtàwé ní Èkó fi wébíìlì rán an sí gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti àárín ìwé náà kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà fóònù dírẹ́bà ránṣẹ́. Kí wọ́n wé e sínú nálọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì tó bá jẹ́ àsìkò òjò, torí ewé tó bá rin kì í padà sí bó ṣe wà. Ọ̀nà tó dín owó kù ni àwọn ẹbí tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù fún Ojúde Ọba ọjọ́ kẹta Iléyá, tàbí fún Kérésìmesì. Ẹ fi orúkọ ìwé, òǹkọ̀wé àti ISBN ránṣẹ́ sí wọn ní oṣù kan ṣáájú. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ bá mi ra ìwé ọmọdé," ohun tí wọ́n bá rí ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n máa gbé dé.

Tó bá dé, ẹ fi nálọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Á gbẹ, á pọ́n, á sì fa èèpo ìwé ya nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Ẹ má tò ó ti ògiri tó ń rin lásìkò òjò.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Òbí tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan lọ́dún yìí: kó tẹ ìtàn Yorùbá mẹ́rin, kó sì dúró ná. Ọmọ á ka mẹ́rin parí kí ẹlòmíràn tó ka ọ̀kan.

Ilé tí ìyá àgbà wà, tí ọmọ ń gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu rẹ̀ àmọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn: ìwé Yorùbá yẹn kan náà, kí àwọn méjèèjì jọ kà á lọ́sàn-án, kì í ṣe ní alẹ́ tí ojú ìyá àgbà ti rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tó ń sá fún ìwé: Tola, láìsí àníàní. Tó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni mo lè gbé fún yín nínú gbogbo èyí, òun ni.

Ilé tó ń bá SS yí, tàbí kíláàsì tí ọmọ kan ti ń pa ilé-ìwé jẹ́ torí rẹ̀: Boom Boom, kí àgbà kọ́kọ́ kà á.

Ọmọbìnrin tó fẹ́ràn àṣírí àti ìtàn ẹbí: Children of the Quicksands. Ọmọ tó fẹ́ràn eré-sísá àti ìjà, pàápàá tí àwọn ìbátan bá lè jọ pín owó rẹ̀: Onyeka.

Láíbìrì ilé-ìwé tó ní owó ìwé mẹ́wàá péré: Tola mẹ́ta, Quicksands méjì, Boom Boom méjì, Ikenga kan, Baby Goes to Market méjì fún ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́sìrì. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ èèpo ẹ̀yìn níbi tí ọmọ á ti máa kọ orúkọ àti ọjọ́ tó dá a padà, kí ẹ má sì tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ìwé.